Kí ni iṣẹ́ àwọn ohun tí ọlọ́pàá ń gbé sára?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n ti da ọlọ́pàá àti gendarme pọ̀ di Police Républicaine ní ilẹ̀ Benin. Àwọn la ń bá pàdé lójú ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìbọn nìkan ni ojú wa ń rí lára wọn, àyà á sì já. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ sá, bẹ́ẹ̀ sísá ló ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lára wọn lẹ́yọ lẹ́yọ.

Fèrè wà láti dá ènìyàn dúró. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí Faransé ń pè ní menottes, wà láti di ọwọ́ ẹni tí wọ́n mú. Kì í ṣe ohun ìfìyàjẹni. Kóńdó wà fún ẹni tó fẹ́ jà. Tajútajú ń ta ojú àti ọ̀fun, wọ́n fi ń tú èrò ká. Bó bá bá yín, ẹ má fọwọ́ ra ojú. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ síbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ojú.

Ẹ̀wù agbọta ń kọ́? Stephanie Kwolek, obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí okùn Kevlar ní ọdún 1965, òun ni wọ́n fi ń hun púpọ̀ nínú ẹ̀wù náà. Èyí tó fẹ́lẹ́ lè dá ọta ìbọn ìléwọ́ dúró, àmọ́ kò lè dá ti ìbọn gígùn dúró àfi bí wọ́n bá ki pátákó líle sínú rẹ̀. Kò sì bo orí àti ọrùn. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá fi ń fẹ́ rí ọwọ́ yín: ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ìbọn ló kẹ́yìn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ọta tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta ìbọn ìléwọ́ lè rìn ju kìlómítà kan lọ, èyí tí wọ́n yìn sókè náà á padà wálẹ̀, ó sì lè pa ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìbọn ìdánrawò tí kò lè yìn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ó rí bí ìbọn gidi, àmọ́ wọ́n sábà máa ń kùn ún ní búlúù tàbí pupa kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù níbẹ̀ ni ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n yìn ín.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990, ìpàdé ONU ní Havana, ní ilẹ̀ Kúbà, fọwọ́ sí ìlànà lórí èyí. Ó ní kí ìjọba fún ọlọ́pàá ní apata, akoto àti ẹ̀wù agbọta, kí wọ́n má baà tètè máa na ọwọ́ sí ìbọn. Ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ yìnbọn lu ènìyàn àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ọlọ́pàá lòun, kó kìlọ̀, àfi bí èyí bá lè fi ẹ̀mí ṣòfò. Bí ẹnì kan bá fara gbọgbẹ́, kí wọ́n wá ìtọ́jú fún un kíákíá, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ gbọ́.

Ojúṣe tiwa náà wà. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má sá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ yín. Bí àdá tàbí ìbọn ọdẹ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ gbé e kalẹ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì rẹ́ yín jẹ, ẹ má bá wọn jà lójú ọ̀nà: ẹ rántí ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí procureur. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó wá olùkọ́ abúlé rẹ̀ lọ. Àwa olùkọ́ á bá a kọ ọ́.