Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní Àtúnṣe Ìlànà-Iṣẹ́ Nípa Iṣẹ́ Àfọwọ́ṣe: Gààrí Ṣíṣe gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Ìfáàrà
Àtúnṣe ìlànà-iṣẹ́ ni yíyẹ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tí àkókò, owó tàbí ohun èlò ti ń ṣòfò. W. Edwards Deming, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kọ́ àwọn ará Japan ní ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 1950, kì í fi ẹnu lásán kọ́ni. A máa kó ìlẹ̀kẹ̀ funfun 3,200 àti pupa 800 pọ̀ sínú àpótí, a sì máa ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi pátákó oníhò 50 bù ú láìbu pupa. Bí wọ́n ti wù kí wọ́n gbìyànjú tó, pupa ni yóò máa bá funfun wá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìlànà ni ó sábà máa ń fa àbùkù, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé Gààrí
Ibi ìṣe-gààrí dára fún irú ẹ̀kọ́ báyìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dábàá ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ wọn ẹ̀gẹ́ tí ó wọlé àti gààrí tí ó jáde, kí ó sì ka àkókò tí bíbó, fífọ̀, rírìn, fífún omi, jíjọ̀ àti yíyan ń gbà.

Yóò rí ìdúró méjì. Èkíní ni ti ẹ̀gẹ́ tí ó ń dúró de ẹ̀rọ ìrìn-ẹ̀gẹ́. Òfò ni èyí, nítorí ẹ̀gẹ́ tútù a máa bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èkejì ni ti ẹ̀gẹ́ rírìn tí ó wà nínú àpò títí yóò fi kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kánjú lè pe èyí náà ní òfò, kí ó ní kí wọ́n dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Àṣìṣe ńlá ni. Àsìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ májèlé inú ẹ̀gẹ́ ń túká, tí gààrí sì ń ní adùn rẹ̀. Ìdúró náà jẹ́ iṣẹ́.

Ojúṣe Olùkọ́
Kí olùkọ́ rí i pé àpò kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ fi dán àbá rẹ̀ wò, kí ọjà onílé má baà ṣòfò. Kí máàkì sì wà fún òtítọ́ inú àkọsílẹ̀, kódà bí àbá náà kò bá yọrí sí rere.

Ìgúnlẹ̀
Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdúró tí ó jẹ́ òfò àti èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ ti mọ gbòǹgbò ẹ̀kọ́ yìí.