Òkè tí ìlú ti sọ̀ kalẹ̀, òkè tí ìlú wà láàárín rẹ̀

Ẹni tó bá gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọ Òró, tó ń lọ sí Òmù-Àrán ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò lè tọ́ka sí ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kàn ń ga sí i ni, afẹ́fẹ́ ń yí padà, nígbà tí yóò bá sì fi mọ̀, ó ti fi ohun tó lé ní 500 mítà ga ju òkun lọ. Ti ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè yàtọ̀. Inú igbó ló ń bá bọ̀, àfi bí àpáta ṣe dédé yọ sí i, dúdú, rìbìtì, ó ga fíofío. Ìgbómìnà ń yọ́ òkè rẹ̀ hàn ni. Ìdànrè ń fi tirẹ̀ ko ni lójú. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ọmọ ibi méjèèjì ní ìdí tí kò fi lè gbàgbé ilé, ìdáhùn wọn á sún mọ́ra ju bí ojú ilẹ̀ wọn ṣe jọra lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó. Orí òkè gan-an ni Ìdànrè fi ìlú sí. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni èèyàn ń gùn lónìí kó tó débẹ̀. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹni tó bá sì ní òun ò ní sinmi, orúnkún rẹ̀ á dá a lóhùn. Lókè, ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì dúró, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní 1896. Òkè kan, ìlú kan, ọba kan. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò sẹ́ni tó kó gbogbo ayé jọ sórí àpáta kan ṣoṣo. Òmù-Àrán ní ọba tirẹ̀, Èsìẹ́ ní tirẹ̀, Àgbàmú, Àràndùn àti Rórè bẹ́ẹ̀ náà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ló sì kó wọn pọ̀ lónìí. Ní Ìdànrè àtijọ́, òkè ni ìlú; ní Ìgbómìnà, òkè ni ẹ̀yìnkùlé.

Ààbò ni àwọn baba ńlá kọ́kọ́ rí lára òkè, kì í ṣe ẹwà. Ẹni tí ogun kò lé ló ń ráyè wo ẹwà. Òkúta ni odi Ìdànrè. Ẹni tó wà lókè ń rí ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ kí onítọ̀hún tó rí i, ọ̀nà tó gòkè kò sì gba kí ọmọ ogun ya wọ̀lú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dàn ni ti Ìgbómìnà, orí ọ̀dàn sì ni ẹṣin ti ń sáré. Èyí ló jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin Ìlọrin àti ti Núpé ráyè wọ̀ ọ́ léraléra ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òkè wúlò fún àwọn náà, àmọ́ ibi ìsásí ni, kì í ṣe ibi ìgbé: bí ogun bá dé, wọ́n á sá wọ̀ ọ́, bí ogun bá rélé, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ wo iṣu wọn. Ohun tí àpáta bá Ìdànrè ṣe, Ìgbómìnà ní láti fi ẹnu àti àjọṣe wá a. Ní ogun Jálumi, lẹ́bàá Ìkìrun ní 1878, Ìlá Ọ̀ràngún tó jẹ́ Ìgbómìnà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà pẹ̀lú Ìlọrin, tí wọ́n jọ dojú kọ Ìbàdàn. Ẹni tí odi yí ká lè máa dá wà. Ẹni tí kò ní odi kò gbọdọ̀ ṣàìní ọ̀rẹ́, kódà bí ọ̀rẹ́ ọ̀hún bá jẹ́ ọ̀tá àná. N kò rí ìdí tí a ó fi ní ọ̀kan gbọ́n ju èkejì lọ.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Bí èèyàn bá fi 100 mítà gòkè, ooru á dín ní ohun tó ju ìdajì dígírì lọ díẹ̀. Nípa ìṣirò yìí, Òmù-Àrán lè fi nǹkan bí dígírì mẹ́ta tutù ju etíkun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ti Èkó wálé lóṣù Kejìlá kò nílò ìṣirò kankan. Òtútù gbígbẹ ni ti Ìgbómìnà: ọyẹ́ á fẹ́, ètè á bó, òrí á di ohun tí kò ṣeé fi sílẹ̀ nínú ilé. Òtútù rírin ni ti Ìdànrè: igbó ló yí i ká, ìkùukùu á wálẹ̀ bo àpáta láàárọ̀, títí oòrùn á fi ká a kúrò. Àpáta tí oòrùn yan lọ́sàn-án kì í sì í tètè tutù lálẹ́, nítorí náà òru Ìdànrè ní ìlọ́wọ́ọ́rọ́ tí ọ̀dàn kò ní. Lọ́sàn-án ẹ̀wẹ̀, ọ̀dàn ní atẹ́gùn tí igbó máa ń dínà rẹ̀.

Oúnjẹ kò gba àlàyé gígùn. Kòkó ni Ìdànrè fi lókìkí, obì ń tẹ̀ lé e. Iṣu, ọkà bàbà, irú, òrí àti kajú ni ti Ìgbómìnà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbin nǹkan sórí àpáta ní ibi méjèèjì. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sí i lórí ló ń ṣàn wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Àgbẹ̀ tó ń ṣọ kòkó àti àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ń jẹ nínú omi tí òkè kọ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ òkúta fúnra rẹ̀. Òkúta Ìdànrè le ju ohun tí èèyàn lè fín tayọ̀tayọ̀ lọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n kàn ń pìtàn sí i lára. Ibí ni Omi Àpáàrà. Ọ̀hún ni ojú ẹsẹ̀ ẹni inú ìtàn tí wọ́n ń pè ní Agbóògùn, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, ọmọdé àti àgbà, àyàfi ẹni tó bá jẹ́ àjẹ́. Òkúta rírọ̀ ló wà ní Èsìẹ́, irú èyí tí ọ̀bẹ ń gé bí ẹni gé ọṣẹ. Ère tó lé ní 800 ni wọ́n kó jọ níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú ohun ìjà dání, ilà wà lójú àwọn mìíràn, irun orí wọn sì dì dáadáa. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ròyìn wọn fún ayé. Ní 1945, mùsíọ́ọ̀mù dìde níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ìtàn tí wọ́n ń pa nípa àwọn ère náà ni pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ wá fi í wé ti Ìdànrè. Ìdànrè mú òkúta tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́, ó ní èèyàn ló tẹ̀ ẹ́. Èsìẹ́ mú òkúta tí èèyàn gbẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ, èèyàn ló di òkúta. Ibi tí ọ̀kan ti gbéra ni èkejì ti gúnlẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì jọ rìn: kò sí èyí tó gbà kí òkúta jẹ́ òkúta lásán.

Ní ti àlejò, Ìdànrè ló rí ojú ayé jù. Láti 2007 ló ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Ìgbómìnà ní ìtàkìtì omi Ọ̀wù, ní Ọ̀wá-Kájọlà, níbi tí omi ti ń já láti ìwọ̀n nǹkan bí 100 mítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ múra ìrìn. Làálàá Ìdànrè wà lórí àtẹ̀gùn, ti Ọ̀wù wà lójú ọ̀nà.

Ọdún 1933 yẹn kan náà ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ bí ọdún tí Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ogun ló lé wọn. Mọ́tò kì í gun àtẹ̀gùn, àpò kòkó kò sì fúyẹ́ lórí. Wọ́n tẹ ìlú tuntun dó sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n fi ààfin sílẹ̀ lókè, wọ́n sì ń padà gùn ún nígbà ọdún ìbílẹ̀. Èèyàn lè rò pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí Ìgbómìnà, nítorí pé Òmù-Àrán àti Àgbàmú kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ó ń ṣẹlẹ̀. Owó, iléeṣẹ́ àti ọjà ńlá tó fa Ìdànrè wálẹ̀ ló ń fa ọ̀dọ́ Ìgbómìnà lọ sí Ìlọrin, Ìbàdàn àti Èkó. Ìdànrè para pọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbómìnà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ kan lónìí, ọkọ̀ kan lọ́la. Nígbà ọdún, àwọn náà á gòkè padà, eégún á jáde, ilé tí ó wà ní títì láti ọdún tó kọjá á ṣí.

Àwọn tí òkè kì í ṣe ti baba wọn sì ti wá ń gùn ún báyìí. Yunifásítì Landmark, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òmù-Àrán ní 2011, ń kó ọmọ ìlú ńlá wá sínú atẹ́gùn ọ̀dàn. Àtẹ̀gùn Ìdànrè ń kó tirẹ̀ wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ láti ya fọ́tò. Ti Òmù-Àrán ń lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó sì lè má gun òkè kankan rí. Ti Ìdànrè á gùn ún dé òkè téńté, ilẹ̀ kò sì ní ṣú bá a níbẹ̀.