Orúkọ Burúkú Tí A Ń Pe Ara Wa Nítorí Òṣèlú

   

Àwọn kan nínú yín bi wá pé ẹni tó ń gba ààwẹ̀, tó wá jókòó ti rédíò, tó ń fi orúkọ burúkú pe àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, ṣé ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ ni? A ò ní sọ pé kí ó san án padà bí ẹni tó jẹun lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ̀san rẹ̀ ń jò lọ. Nínú Súratu-l-Hujuráátì, ẹsẹ kọkànlá, Ọlọ́hun ṣe nǹkan mẹ́ta léèwọ̀: fífi ara ẹni ṣe yẹ̀yẹ́, wíwá àbùkù sí ara ẹni lára, àti fífi ìnagijẹ tí kò dára pe ara ẹni. Ẹ sì wò ó dáadáa: kí Ó tó mẹ́nu kan àwọn obìnrin lọ́tọ̀, ìjọ sí ìjọ ni Ó kọ́kọ́ bá wí. Àbí kí ni ẹgbẹ́ òṣèlú, bí kò ṣe ìjọ?

Ilẹ̀ Yorùbá ti san owó ọ̀ràn yìí rí. Ẹgbẹ́ Action Group fọ́ sí méjì ní 1962. Ní 1964, àwọn Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá àti àwọn kan láti inú NCNC para pọ̀ di NNDP. Àwọn aráàlú gé e kúrú, wọ́n ní Dẹ́mọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ lásán ni níbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di èébú. Tí wọ́n bá ní "Dẹ́mọ̀ ni", wọn ò sọ ẹgbẹ́ tí èèyàn wà mọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀dàlẹ̀ ni, kì í ṣe ara wa. Àwọn Dẹ́mọ̀ náà ò sì dákẹ́. Ìjọba wà lọ́wọ́ wọn. Olóyè Akíntọ́lá, tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, a máa fi orúkọ àwọn Ígbò dá àpárá níbi ìpolongo, àwọn èèyàn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni à ń bẹ̀rù.

Nígbà tí wọ́n fi màgòmágó dìbò ní October 1965, wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé, wọ́n ń dà á sí èèyàn lára, wọ́n ń ṣáná sí i. A ò sọ pé orúkọ nìkan ló fà á, ìbò tí wọ́n jí ló fà á. Ṣùgbọ́n aládùúgbò ni ẹni tí wọ́n ń sun ilé rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ti ń pè é láti ọdún kan ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i ní aládùúgbò mọ́.

Àwa tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ tún fojú rí i ní August 1983. Olóyè Akin Ọmọbọ́ríowó, ọmọ Èkìtì, tó jẹ́ igbákejì gómìnà, fi UPN sílẹ̀ bọ́ sí NPN, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀, Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, du ipò. Orúkọ tí tọ̀tún-tòsì ń pe ara wọn nígbà náà, a ò lè tún un sọ nínú Ràmàdáánì. Nígbà tí FEDECO kéde pé Ọmọbọ́ríowó ló wọlé, ilé jó, ẹ̀mí sì lọ. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin. Àwọn tó kú ò padà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni o. Ní March 2023, nígbà ìbò gómìnà Èkó, ìyá Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour ti ẹgbẹ́ Labour, tó jẹ́ Ígbò, ni ọ̀pọ̀ alátakò fi ń bú u. Wọ́n ń gbé orúkọ Chinedu tó wà láàrin orúkọ rẹ̀ kiri bí ẹni tó ká ẹrù olè mọ́ ọn lọ́wọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú Ànábì. Abú Dharri, sàábé ńlá, fi ìyá ọkùnrin kan bú u. Àwọn onímọ̀ ní Bílálì ni. Ànábì bá a wí pé ìwà ìgbà àìmọ̀kan ṣì kù lára rẹ̀. Abú Dharri kò jiyàn. Ẹni tó rí i lẹ́yìn ìgbà náà ní aṣọ kan náà ni òun àti ẹrú rẹ̀ wọ̀. Ànábì tún kọ́ wa pé nínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí èèyàn bú òbí ara rẹ̀. Ó ya àwọn sàábé lẹ́nu, ó wá ṣàlàyé pé ẹni tó bú bàbá ẹlòmíràn ló ní kí wọ́n bú bàbá tòun. Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ Èkìtì wà ní Ẹnúgù, wọ́n wà ní Kánò. Tí ẹ bá ń bú ìyá ẹni ẹlẹ́ni lórí rédíò ní Adó, ta ni ẹ rò pé wọ́n máa bú níbẹ̀?

Ẹnì kan á ní: "Aáfà, ṣé kí á dákẹ́ fún olè ni?" Rárá. Nínú Súratu-n-Nisáì, ẹsẹ 148, Ọlọ́hun yọ ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí sọ́tọ̀. Òun lè pariwo. Tí wọ́n bá gba owó ọ̀nà tí ọ̀nà ò sí, ẹ sọ iye owó náà, ẹ sọ ọdún, ẹ sọ ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n "ẹran" àti "ọmọ àlè" kì í ṣe ẹ̀sùn. Kò sí adájọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ pé èèyàn jẹ́ ẹran. Fìríáónà ń pa ọmọ jòjòló, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tútù ni Ọlọ́hun ní kí Mùsá àti Hárúnà bá a sọ. Òfin ìlú náà ti sọ ọ́ rí: nínú òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022, abala 92 kọ èébú nínú ìpolongo nígbà náà.

Tí ẹ bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹnì kan, tí ẹ sì mọ ilé rẹ̀, ẹ lọ bá a kí oṣù yìí tó parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Lọ́la, lẹ́yìn ìṣínu, ọ̀rọ̀ sàká ni a máa sọ.