Aṣọ Tí Ó Ń Bí Tákàdá

Nígbàkígbà tí ìjíròrò bá dé orí ilé-iṣẹ́ tákàdá, irin ni ọkàn àwọn ènìyàn sábà máa ń lọ sí: àgbá irin ńláńlá, ẹ̀rọ gígùn gbọọrọ, ariwo tí kì í jẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, orí aṣọ ni tákàdá ti ń di tákàdá. Aṣọ híhun, tí a so orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀ tí ó fi di bẹ́líìtì, ni ó ń gba fọ́nrán igi sílẹ̀ kúrò nínú omi. Òun ni ó ń gbé e lọ sábẹ́ rólà tí ń fún un. Òun náà ni ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gbígbóná títí yóò fi gbẹ. Kí ni aṣọ lè ṣe níbẹ̀ tí irin kò lè ṣe?

Ẹni tí ó bá ti rí obìnrin tí ń sẹ́ ògì ti rí ìdajì ìdáhùn náà. Ó na aṣọ fẹ́lẹ́ sí ẹnu ìkòkò, ó da àgbàdo lílọ̀ sí i, ó ń bu omi lé e, ó sì ń fi ọwọ́ rò ó. Ògì ń bá omi jò lọ, èèpo àgbàdo sì kù sórí aṣọ. Nínú iṣẹ́ tákàdá, ohun tí ó kù sórí aṣọ ni a ń wá. A ó se igi, koríko tàbí àkísà, a ó lọ̀ ọ́ títí yóò fi tú sí fọ́nrán wẹ́wẹ́, a ó sì fi omi là á títí omi yóò fi tó nǹkan bí ìpín 99 nínú 100. Bí omi bá kéré jù, àwọn fọ́nrán yóò dì mọ́ ara wọn, tákàdá yóò sì ki níhìn-ín, yóò fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, láti ìgbà tí Cai Lun ti fi ọ̀nà ìṣetákàdá han ọba ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 105, ọwọ́ ni a fi ń ṣe ewé tákàdá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Yúróòpù, ènìyàn mẹ́ta ni ó ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀kan ń ri asẹ́ bọ inú ọpọ́n, ó sì ń mì ín kí fọ́nrán lè tẹ́ dọ́gba. Èkejì ń da ewé tútù náà dé orí aṣọ onírun àgùntàn. Ẹ̀kẹta ń ṣí i kúrò lẹ́yìn tí a bá ti fún omi rẹ̀. Bí asẹ́ bá ti tóbi tó, ibẹ̀ ni títóbi tákàdá mọ.

Louis-Nicolas Robert, alábòójútó òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tákàdá kan ní Essonnes, nítòsí Paris, ni ó yí èyí padà. Aáwọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti sú u. Ní ọdún 1799, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan tí a ń fi ọwọ́ yí. Dípò kí asẹ́ máa wọ inú ọpọ́n kí ó sì máa jáde, ó so etí aṣọ wáyà pọ̀, ó fi kọ́ rólà, ó sì jẹ́ kí ó máa yí láìdúró. Fọ́nrán ń dà sí i lórí, omi ń jò gba ojú rẹ̀, tákàdá tí kò lópin sì ń jáde. Ọgbọ́n náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni Bryan Donkin ti kọ́ ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní Frogmore ní 1803, pẹ̀lú owó Henry àti Sealy Fourdrinier, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Orúkọ wọn ni irú ẹ̀rọ náà ń jẹ́ títí di òní, ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n bá bọ̀. Ní 1810, okòwò wọn wó. Ti Robert kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Vernouillet ni ó fi parí ayé rẹ̀ ní 1828, nínú àìní. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ orúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ̀rọ òde òní kò tíì yà kúrò nínú ọgbọ́n yẹn, ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń lò. Àkọ́kọ́ ni aṣọ ìsẹ́. Wáyà idẹ ni a fi ń hun ún tẹ́lẹ̀, kì í sì í sábà pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó gbó. Láti àwọn ọdún 1960 ni okùn pọliẹ́sítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀, èyí sì lè lo oṣù díẹ̀. Ohun méjì tí ó tako ara wọn ni a ń béèrè lọ́wọ́ aṣọ yìí: kí ojú rẹ̀ wẹ́ tó láti dá fọ́nrán dúró, kí ó sì là tó láti jẹ́ kí omi kọjá kíákíá. Apá òkè rẹ̀ ń fẹ́ òwú tín-ín-rín nítorí tákàdá. Apá ìsàlẹ̀, tí ń fara gbo irin, ń fẹ́ òwú tí ó ki. Nítorí náà àwọn ahunṣọ ń hun aṣọ méjì lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, òwú mìíràn a sì máa gba àárín wọn kọjá láti dè wọ́n pọ̀. Òfì aṣọ òkè kò fẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀ lọ. Òfì ti iṣẹ́ yìí lè fẹ̀ ju mítà 10 lọ. Síbẹ̀ òwú òòró àti òwú ìbú náà ni. Ibi tí ó le jù ni síso orí mọ́ ìdí. Bí a bá rán an lásán, ojú ìrán yóò hàn lára gbogbo tákàdá. Ńṣe ni a ń tú òwú ẹnu méjèèjì, tí a sì ń hun wọ́n padà wọnú ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú kò fi ní lè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Nígbà tí tákàdá bá ń kúrò níbẹ̀, omi ṣì tó nǹkan bí ìpín 80 nínú 100 rẹ̀. Aṣọ ìfún ni yóò gbà á. Irun àgùntàn ni a fi ń ṣe èyí láyé àtijọ́; náílọ́ọ̀nù ni lónìí, a sì ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún abẹ́rẹ́ gún fọ́nrán rẹ̀ wọnú aṣọ híhun tí ó wà nísàlẹ̀. Rólà méjì yóò tẹ aṣọ àti tákàdá pọ̀, omi yóò sì sá wọnú aṣọ bí ó ti ń sá wọnú kànìnkànìn. Aṣọ tí ìdọ̀tí bá ti dí ojú rẹ̀ kò lè mu omi mọ́, ibí yìí gan-an ni owó sì ti ń ṣòfò. Ìdí ni pé omi tí aṣọ kò bá lè mú kúrò, ooru ni yóò lé e, ooru sì wọ́n ju fífún lọ púpọ̀. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé bí fífún bá fi ìpín 1 péré nínú 100 mú tákàdá gbẹ sí i, ooru tí a nílò yóò dín ní nǹkan bí ìpín 4 nínú 100.

Aṣọ kẹta ń tẹ tákàdá mọ́ àwọn àgbá irin gbígbóná. Òwú àti asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni a ń lò níbẹ̀ rí, kí a tó mọ ibi tí asibẹ́sítọ́ọ̀sì ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Pọliẹ́sítà tí ojú rẹ̀ là ti rọ́pò wọn, ooru omi sì ń rí ọ̀nà jáde gba ojú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tákàdá kò tíì ra aṣọ rẹ̀ tán. Bí táyà ọkọ̀ ni aṣọ náà rí: ó ń gbó, a sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ léraléra. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tákàdá Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969. Ìjọba tún dá ti Ìwópin àti ti Oku Iboku sílẹ̀. Ìṣòro tí ó dé bá wọn pọ̀, láti orí owó títí dé orí iná mànàmáná àti fọ́nrán gígùn tí a ń rà láti òkè òkun. Lónìí, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú tákàdá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń kọ̀wé sí ti ń wá, lórí aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn hun.