Oṣù Mẹ́fà ní Òṣòdì: Bí Ṣọ́jà Ṣe Ń Padà Di Ará Ìlú

Ní Òṣòdì, l'Ékòó, ibùdó ìjọba kan wà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́jà Nàìjíríà máa ń gbà kọjá kí wọ́n tó bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀. Nigerian Armed Forces Resettlement Centre lorúkọ rẹ̀, NAFRC ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Ológun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú, gbogbo wọn ló ń fi àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ránṣẹ́ síbẹ̀. Oṣù 6 ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ti gbé ìbọn fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, á tún di ọmọṣẹ́. Á kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, káfíńtà tàbí télọ̀, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún mọ́tò ṣe, òmíràn á kọ́ kọ̀ǹpútà, òmíràn á kọ́ òsìn ẹja àti adìyẹ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn ló dá a sílẹ̀ ní 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì kò tíì parí, nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń ti ojú ogun bọ̀, pàápàá àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ti kó lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ológun ní 1942 ní ọmọ ọdún 16. Ní oṣù Kẹta 1944, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Òun àti ará Sàró kan, David Kargbo, fara pamọ́ síbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 9, ìdílé Mùsùlùmí kan ló sì ń dọ́gbọ́n gbé oúnjẹ fún wọn. Nílé, wọ́n ti gbà pé ó ti kú. Ó tiro wálé, àmọ́ ó ti kàwé kó tó lọ, ìwé yẹn ló sì jẹ́ kó rí iṣẹ́ ìjọba ṣe. Ó wà láyé títí di 2012. Ẹni tí kò mọ̀wé nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Irú wọn ni ibùdó Òṣòdì wà fún.

Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ológun Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí ogun fi parí ní January 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ọmọkùnrin tó jẹ́ pé ìbọn nìkan ló tíì kọ́ láti ìgbà tó ti bàlágà, ibo ló fẹ́ gbà?

Iṣẹ́ ọwọ́ dára, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó le jù kò sí nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wo ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Oníbàárà fẹ́ ṣe géètì, ó dá iye lé e, oníbàárà sì ná an ní ìdajì. Ní bárékè, ọ̀gá pàṣẹ, o ṣe é. Ìwọ náà pàṣẹ fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ, ó ṣe é. Ta ló ń ná ọjà pẹ̀lú sájẹ́ǹtì? Lójú tirẹ̀, ìwọ̀sí ni. Ojú le, ohùn lọ sókè, oníbàárà bá kọjá sọ́dọ̀ wẹ́dà kejì tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé, "Ọ̀gá mi, ẹ fi díẹ̀ kún un." Ọmọṣẹ́ pẹ́ dé, ó ní kó kúnlẹ̀ kó káwọ́ sókè. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ ló wá, ó wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé bárékè láti ìgbà èwe kò mọ láńlọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó gbọ́dọ̀ kó jáde, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan làwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ nílé. Owó gọbọi tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé, ẹbí náà sì dé. Ẹnì kan ní ká ra bọ́ọ̀sì, ẹnì kan ní ilẹ̀ wà ní tàwọn. Kí ọdún tó yí po, bọ́ọ̀sì ti dẹnu kọlẹ̀, ilẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, ó gba oko lọ ní Ọ̀tà, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun nìyẹn, kì í ṣe kọ́pùrà tó ní ọmọ márùn-ún.

Láti 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá sí, Military Pensions Board ló ń san tiwọn láti inú owó ìjọba àpapọ̀. Ìyẹn dára, bí owó bá jáde. Owó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Security Debarment Allowance, tó wà fún kí ẹni tó mọ ìbọn yìn má baà ta ìmọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Ní 2022 àti ní 2024, àwọn ajagunfẹ̀yìntì dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó l'Ábújá nítorí irú owó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà ni, wọ́n jókòó sínú oòrùn. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó yẹ kí wọ́n gba owó náà.

Ọ̀pọ̀ wọn ló padà di sìkiọ́rítì lẹ́nu géètì ẹni tí kò bá wọn lójú ogun. Iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san fún wọn kéré jù.

Oṣù 6 kò tó, ó sì tún pẹ́ jù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ku ọdún 5 kó fẹ̀yìn tì ti máa mọ ibi tí yóò gbé, kó sì kọ́ iṣẹ́ tó bá ibẹ̀ mu; ẹni tí àdúgbò rẹ̀ kò lómi, kí lẹ ń kọ́ ọ ní òsìn ẹja sí? Kí wọ́n sì pe ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ wà lójú ogun ní Máídúgùri, òun ló ń dá ilé ṣe, ó mọ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ó mọ owó ilé ìwé, ọ̀pọ̀ ìyàwó ṣọ́jà ló sì ti ń tajà ní máàmí-máákẹ́ẹ̀tì inú bárékè fún ọdún gbọọrọ. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Kí wọ́n fún un ní àga nínú kíláàsì náà, kí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọkọ rẹ̀ kárí òun náà.