Iná tí Ń Pa Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀dọ̀, akíkanjú òṣìṣẹ́ tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru, ni jẹjẹrẹ máa ń gbógun tì, pàápàá lára àwọn tí kòkòrò àrùn hẹpatáítíìsì B ti fi ṣe ilé láti kékeré. Gígé ni àwọn oníṣẹ́-abẹ kọ́kọ́ gbójú lé, nítorí ẹ̀dọ̀ tí ó yè kooro a máa hù padà. Ṣùgbọ́n èyí tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti sọ di líle gbagidi kò ní irú okun bẹ́ẹ̀, bí a bá sì gé e ní àgéjù, ẹni tí à ń wò ni à ń pa.

Níbẹ̀ ni ooru ti wúlò. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti la ikùn, a gbé ẹ̀rọ tí ń fi ìró yàwòrán lé ẹ̀dọ̀ gan-an, a ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ àárín kókó jẹjẹrẹ náà, iná mànàmáná a gba ibẹ̀ wọlé, ooru a ga ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kókó a sì jinná. Èyí tí kò ju sẹ̀ntímítà 3 lọ ni ó rọrùn jù. Àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ̀yà: nígbà mìíràn ọ̀bẹ a gé kókó ńlá, ooru a pa kékeré tí ó sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá wà nítòsí, ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn a máa gbé ooru lọ, bí odò tí ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Oníṣẹ́-abẹ lè wá fún àwọn iṣan tí ń bọ́ ẹ̀dọ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọgbọ́n tí James Hogarth Pringle ti ìlú Glasgow kọ sílẹ̀ ní 1908 láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, láìmọ̀ pé iná ni yóò padà ṣe lóore.