Ìlànà, Ìwọ̀n, Ìjẹ́rìí àti Ìfọwọ́sí: Iṣẹ́ Mẹ́rin Tí Ọ̀rọ̀ Kan Kò Lè Gbé

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá ṣe àlàyé iṣẹ́ àwọn àjọ tí ń bójú tó ìpéye ọjà ní orílẹ̀-èdè. Ní Nàìjíríà, Òfin 56 ti ọdún 1971 ni ó dá èyí tí a mọ̀ sí SON lónìí sílẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'òǹtẹ̀', dúró fún gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹni tí ń ra irin ìkọ́lé lè rò pé ìjọba ti yẹ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wò. Ilé lè ti ibẹ̀ wó. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀.

(i) Ìlànà àjùmọ̀lò. Èyí ni a dábàá fún standard. Kóńgò ni a fi ń wọn gàrí lọ́jà. Bí ọlọ́jà bá tẹ ìdí kóńgò wọnú, orúkọ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbà ti dín kù: àdéhùn ti bàjẹ́. Ìwé àdéhùn ni ìlànà àjùmọ̀lò. Ó ń sọ bí irin oní-mìlímítà 12 ti gbọ́dọ̀ nípọn tó, bí ó ti gbọ́dọ̀ lágbára tó, àti ọ̀nà tí a ó gbà dán an wò. Níwọ̀n bí a ti ń sọ 'Yorùbá àjùmọ̀lò', ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́. Kí a fi 'òṣùwọ̀n' sílẹ̀ fún mítà, kìlógíráàmù àti irú wọn.

(ii) Ìfiwọ̀n-wéwọ̀n, fún calibration. Irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nǹkan a máa yẹ̀ bí a ti ń lò ó. A ó fi í wé èyí tí ó péye jù ú lọ, a ó sì fi ìyẹn wé òmíràn, títí a ó fi dé orí kìlógíráàmù tí gbogbo ayé jọ fẹnu kò sí. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, kìlógíráàmù yìí kì í ṣe irin kan tí a tọ́jú sí ilẹ̀ Faransé mọ́. Iye kan nínú ìṣẹ̀dá, tí kì í yí padà, ni a gbé e kà.

(iii) Ìjẹ́rìí-sọ́jà, fún certification. Àjọ náà yóò wo bí ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe ọjà, yóò mú díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, yóò sì jẹ́rìí pé ó bá ìlànà mu. Ètò MANCAP wà fún ọjà tí a ṣe nílé. SONCAP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, wà fún èyí tí a kó wọlé láti òkè òkun. Ìjẹ́rìí yìí kò túmọ̀ sí pé a yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò.

(iv) Ìfọwọ́sí-ìpegedé, fún accreditation. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á wò. Iṣẹ́ yìí kò kan irin fúnra rẹ̀; ibùdó àyẹ̀wò tí ó dán irin wò ni ó kàn. Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́? Ǹjẹ́ irinṣẹ́ rẹ̀ péye? Ìlànà ISO/IEC 17025 ni a fi ń díwọ̀n irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ NiNAS wà fún irú ìfọwọ́sí yìí.

Ní kúkúrú, ọjà ni a ń jẹ́rìí sí. Ẹlẹ́rìí ni a ń fọwọ́ sí ìpegedé rẹ̀. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ kí ẹ lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì dábàá èyí tí ó bá sàn jù wọ́n lọ.